Ọmọ mi ń sá bọ́ sójú títì nítorí ajá: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje ni. Akóbọ̀ n'Ìbàdàn là ń gbé. Ẹ̀rù ajá ń bà á kọjá bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ajá kankan kò gé e jẹ rí. Bó bá ti rí ajá lọ́nà ilé ìwé, á figbe ta, á já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, á sì sáré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àárín títì ló sá bọ́ sí, díẹ̀ ló kù kí ọ̀kadà gbá a. Bàbá rẹ̀ ní àwọn máa gbé e lọ sílé ọ̀gá àwọn, àwọn á dì í mú títí ajá ibẹ̀ á fi gbóòórùn rẹ̀ tán, pé ẹ̀rù náà á lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyá ọkọ mi ní àdúrà ló kù. Lóṣù Kejìlá, a fẹ́ lọ sábúlé bàbá ọkọ mi. Ọdẹ ni wọ́n, ajá sì pọ̀ lágbàlá wọn. Ṣé kí n fi ọmọ yìí sílẹ̀ nílé ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó ọmọ, ẹ sì kú ewu. A dúpẹ́ pé ọ̀kadà yẹn kò gbá a.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, títì ló bà mí lẹ́rù jù, kì í ṣe ajá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí a ń wá. A ò wá kí ọmọ yín fẹ́ràn ajá. A ò sì wá kó fọwọ́ kan ajá. Èèyàn lè lo ilé ayé rẹ̀ pé láìfọwọ́ kan ajá, ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ni kò tilẹ̀ ní fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Ohun tí a ń wá ni pé kó lè dúró lójú kan nígbà tó bá rí ajá. Ọmọ tó lè dúró ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kadà. Ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ajá pẹ̀lú, torí ajá a máa lé ohun tó bá ń sá, kódà ajá tí kò ní ìkà nínú.

Láti ọ̀la lọ, kí iṣẹ́ yòókù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọmọ sápá ògiri, kí ẹ̀yin wà lápá títì. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má dì í ní ìka, torí ìka ló ń já gbà. Bí ẹ bá ti rí ajá lókèèrè kí ó tó rí i, ẹ dín ìrìn kù, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: “Ajá kan wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yẹn. Mo di ọwọ́ ẹ mú.” Ohun tó bá èèyàn lójijì ló ń mú ẹsẹ̀ fò.

Ẹ ní kò sí ajá tó gé e jẹ rí. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Ọmọ kò ní láti fara gba eyín ajá kó tó bẹ̀rù rẹ̀. Ó lè ti rí ọmọ mìíràn tí ajá lé. Ajá kan lè ti gbó mọ́ ọn láti abẹ́ géètì nígbà tó ṣì kéré, kí ẹ̀yin sì ti gbàgbé. Èyí tí mo ń bá pàdé jù láàárín wa ni ti ìdẹ́rùbà: “Jẹun kíá, àbí kí n pe Bíńgò wá?” “Bí o bá jáde lálẹ́, ajá á gbé ọ lọ.” Ẹ fara balẹ̀ bi gbogbo ẹni tó ń bá yín wo ọmọ yìí, ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọ̀dọ̀, ìyá àgbà, títí kan awakọ̀ tó ń gbé e lọ sílé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ irú rẹ̀, kó dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. A ò lè máa fi ajá dẹ́rù ba ọmọ láàárọ̀, ká tún máa bá a wí lọ́sàn-án pé ó ń bẹ̀rù ajá.

Ẹ wo ara tiyín náà. Ọwọ́ ìyá máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́. Bí ẹ bá rí ajá tí ọwọ́ yín le lójijì, tí ẹ fa ọmọ mọ́ra, tí èémí yín yí padà, ọmọ ti gbọ́ ìròyìn náà kó tó gbójú sókè. Bí ẹ̀yin náà bá ń bẹ̀rù ajá, kò burú, ẹ kàn jẹ́ kí ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ balẹ̀ bá yín ṣe àwọn ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ohun tó ń mú ẹ̀rù náà le sí i rèé. Ọmọ rí ajá, àyà rẹ̀ já, ó sáré, kò rí ajá mọ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Lójú tirẹ̀, sísá tó sá ló gbà á là. Ajá yẹn lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ó kọjá, ó lè jẹ́ pé ó sùn sábẹ́ mọ́tò tó ti bà jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ti gbà lọ́kàn pé bí òun ò bá sá ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá ju ti àná lọ. Bí ẹ bá gbé e pọ̀n sá, tàbí tí ẹ yà gba ọ̀nà ẹ̀yìn torí ajá, ohun kan náà ló máa kọ́. Kò tíì dúró pẹ́ tó rí láti mọ̀ pé ẹ̀rù a máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé òun sá, láìjẹ́ pé ajá kúrò níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó wà níwájú yín, kí ara rẹ̀ lè mọ ìyẹn ni.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sọ fún wọn pé mo rí òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: lóòótọ́, ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ajá wà kí ẹ̀rù tó lè tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n dì mú fún ajá kì í kọ́ pé ajá kò léwu. Ohun tó máa kọ́ ni pé bàbá òun pàápàá lè fa òun lé ajá lọ́wọ́, kò sì ní gbà kí wọ́n di òun mú mọ́ lójú títì, níbi tí dídìmú ti ṣe pàtàkì jù. Ó tún lè ta ajá náà nípàá níbi tó ti ń jà, kí ajá gé e jẹ lóòótọ́. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má pè é ní ojo. Ọmọ tó ń tijú ẹ̀rù rẹ̀ máa ń fi pa mọ́ ni, a ò sì lè bá a ṣiṣẹ́ lórí ohun tó fi pa mọ́.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1924, obìnrin onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Mary Cover Jones, kọ ìròyìn nípa ọmọkùnrin kan tó pè ní Peter, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ehoro ló ń bà á lẹ́rù. Wọn ò gbé ehoro lé e lẹ́sẹ̀. Inú àgò ni ehoro wà, wọ́n gbé e sókèèrè, Peter jókòó, ó ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn. Bí ara rẹ̀ bá ti gbà á, wọ́n á sún àgò náà mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ìgbà tó yá, Peter ń jẹ́ kí ehoro yẹn máa fẹnu kan òun níka. Lọ́dún 1967, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá mìíràn, Albert Bandura, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lo àwọn ọmọ jéléósinmi tí ẹ̀rù ajá gan-an ń bà: wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa wo ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan tí kò bẹ̀rù, bó ṣe ń sún mọ́ ajá díẹ̀díẹ̀ tó sì ń bá a ṣeré. Àwọn tó wò ó lè sún mọ́ ajá ju àwọn tí wọn ò fi hàn lọ. Títí dòní, orí nǹkan méjì yìí ni ìtọ́jú ẹ̀rù ọmọdé ṣì dúró lé: sísúnmọ́ díẹ̀díẹ̀, àti wíwo ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí a ṣe ń wẹ omi tútù lásìkò ọyẹ́ ni, ẹsẹ̀ là ń kọ́kọ́ bù ú sí.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é n'Ìbàdàn ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ láti máa fi ìka sọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tó. Bó bá na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sí ẹ̀rù tó jù ú. Bó bá di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ara rẹ̀ balẹ̀ pátá. Ẹ fi nǹkan mìíràn dán an wò nílé, òkùnkùn, ààrá, abẹ́rẹ́, kó mọ̀ ọ́n lò kó tó dé ọ̀dọ̀ ajá. Ìka mẹ́rin sí méje ni ibi iṣẹ́. Bí kò bá na ju ẹyọ kan, ẹ ti jìnnà jù, kò kọ́ nǹkan kan. Bó bá na mẹ́jọ, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Fóònù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ajá tó ń sùn, tó ń mu omi. Lẹ́yìn náà fídíò láìsí ohùn, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ohùn, torí fún ọmọ mìíràn, gbígbó ajá ló ń bà á lẹ́rù ju ajá fúnra rẹ̀ lọ. Èyí lè gbà yín lọ́sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń lé yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ajá kan pàtó ládùúgbò: kó jẹ́ àgbà ajá, kó máa wà lórí ṣéènì, kó ní olówó tí ẹ mọ̀, kí olówó rẹ̀ sì ti jẹ́ kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Àwọn èèyàn máa ń sáré gbé ọmọ ajá wá torí pé ó kéré, ó sì wuyì. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ọmọ ajá kì í dúró jẹ́ẹ́, á fò mọ́ ọmọ, á fi eyín rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ ṣeré. Àgbà ajá tó na ara sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń fìrù lé eṣinṣin, òun ni olùkọ́ tó dára.

Òpó iná ló rọrùn jù láti fi wọn ọ̀nà ládùúgbò wa. Ẹ dúró síbi òpó kẹta sí ilé ajá náà. Ẹ mú gúgúrú dání. Ẹ ní kó fi ìka hàn yín: méje. Ẹ má sọ pé “Má bẹ̀rù, kò sí nǹkan,” torí lójú rẹ̀, nǹkan wà, ó sì ń rí i. Ẹ sọ pé, “Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. A ò ní kọjá òpó yìí lónìí. A jọ máa dúró ni.” Kí ẹ wá máa bi í ní ohun tó ń rí. Àwọ̀ wo ni ìrù ẹ̀? Kí ló ń ṣe báyìí? “Ó ń họ etí.” Etí wo? “Ti ọ̀tún.” Ó ti dìde? “Rárá, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà ni.” Ọmọ tó ń wo etí ajá kò ráyè wo èyí tó ń rò lọ́kàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ tún bi í léèrè ìka. Ẹ máa rí i tó máa ká ọ̀kan kò, tó máa wò ó bíi pé kò dá a lójú, tó máa tún ká ọ̀kan sí i. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ìka yóò fi wálẹ̀ sí mẹ́ta tàbí méjì. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Bí ẹ bá kúrò nígbà tí ìka ṣì wà ní méje, sísá náà ni, kódà bí ẹ bá rìn. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ìka ń lọ sókè, ẹ rọra padà sí òpó kẹrin, kí ẹ dúró níbẹ̀ dípò.

Lẹ́yìn tí ìka bá ti wálẹ̀, ẹ yìn ín fún ohun tó ṣe gan-an: “O dúró!” Ẹ má yìn ín pé kò bẹ̀rù, torí ó bẹ̀rù, ó sì dúró síbẹ̀, ìyẹn ló yẹ fún oríyìn.

Bí òpó kẹta bá ti di ìka kan tàbí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sún sí òpó kejì. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ dára ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Ọjọ́ kan á wà tí ajá tí ẹ ò retí á yọ láti ẹ̀yìn ààtàn, gbogbo ìka á sì tún nà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ padà sẹ́yìn ní òpó kan, kí ẹ tún máa bọ̀.

Nílé, ẹ máa fi “Dúró!” ṣeré. Kó máa sáré káàkiri pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù, bí ẹ bá ti ké pé “Dúró!”, kó dúró gbagidi, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ojú sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ẹnu ní pípadé. Bí ajá tí kò sí lórí ṣéènì bá sún mọ́ ọn, ohun tó máa ṣe nìyẹn: kò ní sá, kò ní ké, kò ní wo ajá lójú, kò ní ju ọwọ́. Ajá á gbóòórùn rẹ̀, á rí i pé kò sí eré níbẹ̀, á sì sábà máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà náà ni ọmọ á rọra fẹ̀yìn rìn kúrò. Bí ajá bá gbé e ṣubú, kó ká jọ, kó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọrùn àti etí. Ẹ jẹ́ kó fi ṣeré títí ara rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n láìronú, torí ẹ̀rù kì í fún ọmọdé láyè àtironú.

Ẹ kọ́ ọ láti máa ka ara ajá pẹ̀lú. Ajá tó yọ ahọ́n síta tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ló sábà máa ń mú un. Ajá tí ara rẹ̀ le gbandi, tó tẹjú mọ́ èèyàn, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, tó ń kùn nínú ọ̀fun, ó ń sọ pé kí èèyàn má sún mọ́ òun. Kì í ṣe gbogbo ajá tó ń mi ìrù ló ń ṣe ọ̀yàyà. Ìrù tó nà ró sókè tó ń gbọ̀n wéréwéré lè jẹ́ ti ìjà. A kì í sún mọ́ ajá tó ń jẹun, èyí tó ń sùn, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí ajá tí kò sí olówó rẹ̀ nítòsí. Ìmọ̀ yìí máa ń dín ẹ̀rù kù gan-an, torí dípò kí gbogbo ajá jẹ́ ọ̀tá, ọmọ á mọ èyí tó yẹ kó yà fún.

Ẹ tún kọ́ ọ ní òwe àwọn àgbà pé ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ajá tó ń gbó bíi pé yóò fa géètì ya, ilé rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bí òun bá ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, bí wọ́n bá ti kọjá géètì náà, iṣẹ́ ajá yẹn ti parí. Mo fẹ́ràn kí ọmọ máa sọ òwe yìí sínú bó ṣe ń kọjá, ó ń fún un ní ohun tó máa sọ fún ara rẹ̀ dípò “Ó máa pa mí jẹ.”

Ó ku ti àwọn ará àdúgbò, inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ á máa gbọ̀n, olówó ajá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa rẹ́rìn-ín: “Kì í géni jẹ o!” Ìyẹn kò ran ọmọ lọ́wọ́ rárá. Ojú ọ̀nà jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ọmọ tó ń lọ sílé ìwé kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé ẹgbẹ́ onílé, ẹ béèrè ohun kan pàtó: kí gbogbo ajá wà lórí ṣéènì tàbí nínú géètì lásìkò tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé àti lásìkò tí wọ́n ń bọ̀, kí olúkúlùkù sì fi káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ọdún yìí hàn. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Àsìkò náà dára láti pe dókítà ẹranko wá sádùúgbò kó gún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù tí a ń lé lọ yìí mú wa gbàgbé ewu tó wà lóòótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tí ẹranko tí wọ́n fura sí pé ó ní dìgbòlugi gé jẹ, nǹkan bí 40 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, tàbí tó ha á, kódà bí ẹ̀jẹ̀ kò bá yọ, tàbí tó lá egbò rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi epo pupa, àgbo tàbí irun ajá sí i. Ẹ má dúró wo bóyá ajá náà á kú. Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, kò sí oògùn tó sábà ń gbà á sílẹ̀ mọ́. Kí àmì tó yọ ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wá kàn yín jù níbẹ̀ ni pé ọmọ a máa fi ìgéjẹ pa mọ́, pàápàá bó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ní kó má lọ ló lọ. Ẹ ṣèlérí fún un lónìí, kí bàbá rẹ̀ náà ṣe é, pé bí ajá bá kàn án lára, ẹnikẹ́ni kò ní nà án, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà. Ẹ tilẹ̀ ní kí wọ́n bá ọmọ gbàdúrà kúkúrú kí ẹ tó jáde lọ síbi òpó iná. Ọmọ tí ìyá àgbà súre fún a máa rìn pẹ̀lú ìgboyà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ẹ̀mí àìmọ́ ló wà lára rẹ̀, torí ẹ̀rù kejì lẹ fi kún ti àkọ́kọ́ yẹn.

Bí ẹ̀rù yìí bá ti lé lóṣù mẹ́fà, tí kò sì jẹ́ kó lọ sílé ìwé, tí kò jẹ́ kó sùn, tàbí tí ẹ ṣe gbogbo èyí tí ìka kò wálẹ̀, ẹ gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì n'Ìbàdàn. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ìtọ́jú ẹ̀rù wà lára iṣẹ́ wọn, kò sì túmọ̀ sí pé orí ọmọ yín dàrú.

Ti abúlé wá kù. Ẹ mú un lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, sísá ni, ó sì máa mọ̀ pé torí ajá ni àwọn yòókù fi ṣọdún láìsí òun. Ṣùgbọ́n ẹ pe bàbá ọkọ yín ṣáájú. Ọdẹ mọ ajá ju èmi lọ. Bí ẹ bá ṣàlàyé ohun tí ẹ ń ṣe fún wọn, á yé wọn kíá. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí gbogbo ajá wà ní ìso lẹ́yìn ilé nígbà tí ẹ bá dé, kí ọmọ lè wọlé, kó jẹun, kó sùn. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n mú ẹyọ kan jáde, èyí tó ti dàgbà jù tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ jù, lórí okùn, kí ọmọ yín jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú yín. Bí ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kan bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì máa ń gbé oúnjẹ fún àwọn ajá náà, òun ni kí ó gbé àwo lọ lójú ọmọ yín, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bó ti máa ń ṣe. Ẹ má sọ fún ọmọ yín pé kó wá gbé e. Bó bá béèrè fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta pé ṣé òun lè bá a gbé omi débi igi òroǹbó, ẹ ní kó fi ìka hàn yín ná.